Ọjọ́ Tí Mo Lọ Ka Àwọn Ọmọ Wa ní Koumassi

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà rò pé ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni mí, wọ́n a sì máa fi mí bá àwọn tó lẹ́nu wí. Jẹ́jẹ́ kọ́ o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ọ̀gá ń bà mí, ẹ̀rù ọlọ́pàá tó ń dúró lórí afárá ń bà mí, ẹ̀rù ìwé tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ sí ló sì ń bà mí jù.

Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún, mò ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kan ní Plateau, àárín ìlú Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò àwọn ilé tí ìjọba fẹ́ kọ́ fún aráàlú: ilé ìwé, ilé ìgbẹ̀bí, ọjà olórùlé. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, tí àkókò ètò ìnáwó dé, ọ̀gá mi a tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì ńlá, a máa fi pẹ́ńsùlù pupa kọ iye kíláàsì tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Faransé ni, ó sanra, ó máa ń làágùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, kò sì burú léèyàn. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro yé. Wọ́n á lọ ka àwọn ọmọ tó tó ilé ìwé lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ibi tí ọmọ bá pọ̀ sí, kíláàsì á pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí kò bá sí ọmọ, ó ní òun kì í kọ́lé fún afẹ́fẹ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwé tuntun sí Koumassi, ní ìhà ọ̀dọ̀ wa gan-an. Kíláàsì mẹ́fà ló wà nínú àwòrán. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń lọ wo àwòrán náà nígbà tí ọ̀gá bá jáde lọ jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ kànìyàn padà dé, ọ̀rọ̀ dàrú. Ojúlé àwọn Mossi, ọmọ wà. Ojúlé àwọn Dioula, ọmọ kún ibẹ̀. Nígbà tó kan àwọn ojúlé tiwa, àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní Abidjan, òdo ni wọ́n kọ. Òdo tẹ̀ lé òdo, wọ́n tò sórí ìlà bí ẹyin adìyẹ.

Ọ̀gá mi gbé ìwé náà wá sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. "Mademoiselle," ó ní, "ẹ̀yin Ànàgó yìí, ṣé ẹ kì í bímọ ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí àwọn ọmọ agbo ilé wa ló ń fi ariwo jí mi láràárọ̀, n kò sì tíì rí ọjọ́ kan tí mo sùn kọjá aago mẹ́fà nítorí wọn. Ó ní kí n lọ síbẹ̀ fúnra mi lọ́jọ́ Sátidé, kí n tún wọn kà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èèyàn mi ni wọ́n, wọn kò ní purọ́ fún mi.

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ èdè wa mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bi ìyá ìbejì léèrè pé ọmọ mélòó ló bí, "Ọlọ́run dá wọn sí" ni yóò fi dá ẹ lóhùn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó ṣe àìdáa. Ṣùgbọ́n ti ìyá mi kọjá èyí. Ní Treichville la ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, kí wọ́n tó gba òmìnira. Ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní wá sí agbo ilé wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń béèrè ẹni tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan, ìlú tó ti wá, àti iye ọmọ rẹ̀. Ará Dahomey kan wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa, akọ̀wé ni. Ìyàwó rẹ̀ fún ọkùnrin náà ní àga àti omi tútù, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe ga sí, inú rẹ̀ ń dùn. Ìyá mi ní tirẹ̀ ní òun àti ọkọ òun nìkan ló wà nílé.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ọmọ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ará Dahomey kúrò ní Abidjan. Àwọn tó wá sí agbo ilé wa kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Yàrá yẹn ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n ń pe orúkọ akọ̀wé náà. Mo gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ti ń fọ́, mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè mọ̀ bí wọ́n ṣì pé. Ìyá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu mọ́ ògiri, òórùn àlùbọ́sà ni mò ń gbọ́ lára ọwọ́ náà. Wọ́n kọjá níwájú ilẹ̀kùn wa. Wọ́n kó ìdílé náà lọ sí èbúté, a kò gbúròó wọn mọ́. Bóyá ìwé ọjọ́ yẹn ló mú wọn wá, bóyá òun kọ́, n kò mọ̀. Ìyá mi mọ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gáánà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹrù orí kan ṣoṣo, ìyá mi ní ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà.

Kí ọjọ́ Sátidé náà tó pé, mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, ó ti ọjà dé. Òwú, bọ́tìnnì àti rọ́bà ìdí ṣòkòtò ló ń tà.

"Ìyá, ilé ìwé ni wọ́n fẹ́ kọ́ o. Bí ẹ bá ní kò sọ́mọ, wọn ò ní kọ́ ọ tó bó ṣe yẹ."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Èmi ni mò ń tẹ ìwé rẹ̀, Ìyá."

"Ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé ìwọ ló ń tọ́jú ẹ̀? Ṣé o mọ ibi tó ń lọ tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹ?"

N kò mọ̀.

"Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí," ó ní, "bó bá rí ekòló, yóò sá. Jẹ́ kí n sá tèmi. Tí wọ́n bá kọ́lé ìwé, ojú gbogbo wa ni wọ́n á ti kọ́ ọ. Wọn ò lè gbé e pa mọ́."

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè sùn ni àbúrò mi obìnrin. Ọmọ ọdún méje ni. Ilé ìwé kan ṣoṣo tó sún mọ́ wa wà ní òdìkejì títì ńlá, ó ti kún débi pé àwọn ọmọ ń jókòó nílẹ̀, wọ́n sì ti dá a padà níbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ìwé ló fẹ́ràn láyé yìí. Yóò gbé báàgì mi kọ́ apá, yóò ti ẹsẹ̀ bọ bàtà gíga mi, yóò máa wọ́ ọ kiri àgbàlá, yóò ní, "Je vais au bureau, mò ń lọ sí ọ́fíìsì, ẹ má dá mi dúró!" Yóò fi èédú kọ ohun tó jọ lẹ́tà sára pákó ilé wa, ìyá wa á nà án, tó bá dọ̀la yóò tún kọ ọ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé òun ni yóò kọ́kọ́ wọ ilé ìwé tuntun náà. Bí kò bá wọ ibẹ̀, kò síbi tí yóò wọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo dé agbo ilé wa lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ìwé ọ́fíìsì lọ́wọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́. N kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Àwọn ìyá ti kó àwọn ọmọ lọ sí etí ọ̀sà láti ìdájí, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bàtà rọ́bà wẹ́wẹ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Aṣọ wẹ́wẹ́ wà lórí okùn. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ mí ní kékeré, tí a jọ kó wá láti Treichville, jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ìrẹsì, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, mademoiselle," bí ẹni pé wọn ò mọ ibi tí mo ti wá.

Mo fẹ́ fi Yorùbá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Faransé ni mo fi béèrè. Èkíní ní Ọlọ́run ò tíì fún òun. Èkejì, tí ọmú rẹ̀ ń ro wàrà sára bùbá, ní Ọlọ́run ò tíì fún òun náà. Mò ń kọ òdo sílẹ̀.

Ìyá mi ló kẹ́yìn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo ti sùn mọ́jú, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ kan ni mo ní. Òun ló dúró síwájú mi yìí."

Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ìka ẹsẹ̀ àbúrò mi lábẹ́ kọ́tìnnì. Ó kọ̀, kò bá àwọn yòókù lọ sí etí ọ̀sà. Ó rò pé eré ni à ń ṣe, ó ń mi ìka ẹsẹ̀ náà sí mi, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín tó há a lọ́fun. Ìyá mi kò yí orí padà. Ojú mi ló ń wò, kì í sì í ṣe pé ó ń bínú. Ó ń bẹ̀ mí ni. Mo kọ òdo, mo fọwọ́ sí ìwé náà nísàlẹ̀, mo jáde. Mo gba ìdí ọjà lọ sí ibi tí takisí ń dúró.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ́ àwọn ìwé náà síwájú mi. Mo mọ gbogbo ọmọ yẹn. Mo mọ èyí tó ń wúkọ́ àti èyí tó ń tọ̀ sórí ẹní. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n fún mi. Mo mú rọ́bà, mo pa òdo ilé wa rẹ́, mo kọ ọ̀kan síbẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti di akin. Mo bọ́ sí ojúlé kejì.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti wọlé. Ó wọ dígí dúdú, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní láti ọ́fíìsì mìíràn ni òun ti wá. Ó bi ọ̀gá mi bóyá ìwé ìkànìyàn Koumassi fi ìlú tí oníyàrá kọ̀ọ̀kan ti wá hàn. Ọ̀gá mi ní ó fi hàn. "Très bien," ni ọkùnrin náà wí, pé ó dára gan-an. Ó ní òun yóò padà wá mú ẹ̀dà kan. Bó ṣe ń jáde, ó wo tábìlì mi, ó wo ìwé, ó wo èmi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo tún mú rọ́bà. Mo pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́, mo fi òdo padà sáyè rẹ̀. Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lójú kan, ní ìlà tiwa. Òórùn àlùbọ́sà ni mò ń gbọ́ ní imú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àlùbọ́sà kankan ní Plateau. Ọkùnrin yẹn kò padà wá mọ́ láéláé. Títí di òní, n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ìwé náà ṣe, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan.

Ìpàdé ètò ìnáwó wáyé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin yí tábìlì ńlá ká, èmi jókòó sígun, mò ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kí wọ́n fi owó kọ́ òrùlé ọjà ní àdúgbò mìíràn. Ó fa ìwé Koumassi yọ. Ó ní kíláàsì mẹ́fà ti pọ̀ jù, ẹ wò ó, ìdajì àdúgbò yìí ni kò lọ́mọ. Ọ̀gá mi nu iwájú orí. Kò gbà á gbọ́, mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà á gbọ́.

"Mademoiselle," ó ní, "ìwọ lo lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ lò ń gbé. Ṣé òótọ́ ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ṣe ni ó fún mi ní àyè, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí n gba ibẹ̀ kọjá. Bí mo bá ní irọ́ ni, wọn yóò béèrè ẹni tó kọ òdo. Wọn yóò sì béèrè ìdí tí àwọn àjèjì fi ń fi ọmọ wọn pa mọ́ fún ìjọba.

"Oui, monsieur," ni mo wí, pé òótọ́ ni.

Ó fi pẹ́ńsùlù pupa fa ìlà sórí kíláàsì mẹ́ta. Kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé: trois classes, ẹ̀dà mẹ́rin.

Wọ́n kọ́ ilé ìwé náà, wọ́n kùn ún ní funfun, ó lẹ́wà. Ìyá mi ló kọ́kọ́ wá sọ fún mi pé òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́sí, pé òun ti fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Ó dá aṣọ ilé ìwé fún àbúrò mi, bọ́tìnnì tó dára jù ní ìsọ̀ rẹ̀ ló fi sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin agbo ilé wa tò, wọ́n di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú. Mo bá wọn lọ nítorí èmi ni yóò máa gbédè Faransé fún wọn. Ọ̀gá ilé ìwé kọ́kọ́ ń pe àwọn ọmọ ojúlé tó wà nínú ìwé ìkànìyàn. Nígbà tó máa fi kan àwa, ó ti pa ìwé dé. Ó ní àyè ti tán.

Ìyá mi kò kúrò. Ó sún mọ́ tábìlì, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ayé.

"Márùn-ún ni mo bí. Méjì kú. Ọkùnrin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Vridi. Èyí tó ń gbédè yìí ni àkọ́bí mi. Èyí ni àbígbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

N kò mọ̀ pé méjì ló kú. Ọ̀kan ni mo mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ń sá di Ọlọ́run, ó ń sọ pé "Aúsù bílláhì" wúyẹ́wúyẹ́. Mo tú u sí Faransé.

Ọ̀gá ilé ìwé kì í ṣe ìkà. Ó ṣí fáìlì kan, ó yí ìwé kan sọ́dọ̀ mi. "Ẹ wò ó," ó ní ní Faransé, "ẹni tó lọ ka agbo ilé yìí kọ ọ́ pé kò sọ́mọ níbẹ̀. Ká ní ó kọ òótọ́ ni, kíláàsì mẹ́fà là bá ní." Ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, síbi tí mo fọwọ́ sí. Ó ka orúkọ ìdílé wa níbẹ̀, ó gbé ojú sókè wò mí.

"Kí ló wí?" ni ìyá mi béèrè.

"Ó ní ilé ìwé ti kún, Ìyá."

Bí a ṣe padà sílé nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àbúrò mi ti dàgbà jù fún kíláàsì àkọ́kọ́. Ó lọ jókòó ti ìyá wa nídìí bọ́tìnnì, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wọn rọ́bà, kì í ṣì í wọ̀n. Ìyá mi kú láìmọ ohun tí mo sọ ní ìpàdé. Ó gbà pé òun ni òun jẹ̀bi, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ti lọ́mọ tirẹ̀ báyìí. Èmi ló máa ń mú lẹ́tà wá bá kí n kà á fún un, yóò sì máa wo ẹnu mi títí n ó fi parí. Lánàá ó bá mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ó bi mí pé kí ni mò ń kọ látàárọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé Koumassi ni, ti ayé àtijọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n kà á sí òun létí, ó fa àga sún mọ́ mi, ó jókòó.